Wọ́n Fi Ìyá Ọkọ Mi Sínú Fọ́tò Ìgbéyàwó

Ìyá ọkọ mi kò wá síbi ìgbéyàwó mi. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó ní etí pé òun kò ní wá, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo yọ àwọn fọ́tò ìgbéyàwó jáde nínú àpò ìwé lọ́sàn-án Sátidé, tí mo rí i tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé ọwọ́ lé mi léjìká bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí fún ọmọ rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Mo gbé fọ́tò náà lọ síbi fèrèsé. Òun ni.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n pè mí sí ẹ́ńbásì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọkọ mi ti wà lókè òkun láti ìgbà tí ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọdún kan. Òun ló kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n fún ìyàwó òun ní físà kó lè wá bá òun gbé. A ti dúró títí tí ìdúró fi di iṣẹ́ kejì fún mi. Mo to gbogbo ìwé sórí tábìlì: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, èsì àyẹ̀wò ara, àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń pe ara wa lórí fóònù. Mo fi ṣíbí tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Fọ́tò nìkan ló kù. Àbúrò ọkọ mi, tó jẹ́ onífọ́tò, ni mo ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé òun ló yà wá lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀dà ìwé tí ọkọ mi kọ sí ìjọba wà lórí tábìlì yẹn kan náà. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí ìgbéyàwó ṣe lọ. Ó ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ la ti ṣe é, pé ẹlẹ́rìí méjì ló bá wa lọ, pé ìyá òun kò wá nítorí pé kò fẹ́ obìnrin tí òun fẹ́. Ó buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn tán tó wá wo fọ́tò yìí, ohun kan ṣoṣo ló máa sọ: òpùrọ́ ni àwọn wọ̀nyí. Wọn kì í fún òpùrọ́ ní físà. Tí wọ́n bá sì ti kọ orúkọ èèyàn sí ìwé àwọn òpùrọ́, ó di kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n.

Mo tún fọ́tò náà wò. Ìgbà náà ni mo rí ohun tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibi tí ìyá ọkọ mi dúró sí kì í ṣe àyè òfìfo lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló dúró síbẹ̀, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn. Òun ló ń lọ aṣọ níbẹ̀, Alọṣọ ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ó buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó mi gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti nù ún kúrò nínú fọ́tò mi bí ẹni nu àbàwọ́n, wọ́n sì gbé ìyá ọkọ mi lé orí àyè rẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ nù ún tán. Bàtà pupa rẹ̀ kan ṣì yọ lábẹ́ aṣọ ìyá náà. Ìyá ọkọ mi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú fọ́tò ìgbéyàwó mi.

Mo wọ bàtà, mo jáde.

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò ọkọ mi kò jìnnà. Aṣọ ńlá kan tí wọ́n ya omi tó ń ṣàn láti orí àpáta sí wà lára ògiri ẹ̀yìn, àga kan wà níwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà. Adúmáadán ni mo sọ àbúrò ọkọ mi ní ọjọ́ tí mo wọ ilé wọn, nítorí pé ó dúdú, ó ń dán, ó sì mọ̀ pé òun ń dán.

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹ ti wò ó? Ó dùn, àbí kò dùn?"

"Adúmáadán, ta lẹ rí níbí yìí?"

"Mọ́mì ni."

"Ṣé Mọ́mì wá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà. Ta ló máa ń wá tán? Ẹ wo èyí." Ó fi ìka kan fọ́tò ìdílé kan lórí kọ̀ǹpútà. "Bàbá tí ẹ rí yìí ti kú kí wọ́n tó wá ya fọ́tò. Ọmọ yìí wà lẹ́yìn odi. Ìyàwó kejì wà lápá ibí, wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo yọ ọ́. Ẹni tó kú, mo jí i. Ẹni tó rìnrìn àjò, mo dá a padà. Iṣẹ́ wa nìyẹn."

Kò parọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onífọ́tò àdúgbò wa ṣe ń jẹun. Kò sí ilé tí èèyàn wọ̀ tí kì í rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri, òkú àti alààyè tí wọ́n jọ dúró tí òjìji wọn kọrí sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́, wọn kì í gbé e lọ síwájú ìjọba.

"Alọṣọ dà?" mo bi í.

"Ta ni Alọṣọ?"

"Obìnrin tí ẹ yọ kúrò."

"Áà, oníbàtà pupa. Mọ́mì ní kí n yọ ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Ó ga, ó sì gba àyè."

"Ẹ fún mi ní ojúlówó fọ́tò náà, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ yà á."

Ó họ ọrùn. "Kò sí mọ́, Ìyàwó. Kọ̀ǹpútà ti kún. Èyí tó dáa ni mo tọ́jú."

Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú ló kó ata sẹ́nu yìí. Mo mú ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, kí n má baà fi gbé nǹkan.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù?" ó wí. "Mo ti fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n láti oṣù tó kọjá. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní àwọn ti fi sínú fáìlì."

"Fáìlì wo?"

"Ti físà yín."

Láti ọjọ́ tí mo ti di aya ilé wọn, "ẹ" ni mò ń fi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń fọ aṣọ ara mi kí wọ́n tó bí i. Lọ́jọ́ náà, mo gbé "ẹ" yẹn kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"O ti ba ayé mi jẹ́," mo wí, "o sì dúró síbẹ̀, o ń béèrè bóyá ó dùn."

Mo kó fọ́tò mi, mo jáde.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n aṣọ aláìsàn kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Èmi ni olórí àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n wo aṣọ ibùsùn kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀ á padà sínú omi, n kò bìkítà bó ṣe wù kí nọ́ọ̀sì máa pariwo tó lókè. Ẹ̀rọ ń ké, ooru ń jáde lára páìpù, Alọṣọ sì wà nídìí tábìlì gígùn rẹ̀, ó ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ aṣọ bí ẹni tó bínú sí i. Mo gbé fọ́tò náà síwájú rẹ̀.

Ó wò ó títí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Wọ́n ti pa mí," ó wí. "Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe òkú mi? Mo fẹ́ mọ aṣọ tí mo máa wọ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Bàtà mi ṣì wà. Gbà á, gbé e fún ìyá náà lódindi. Ó ti ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ fi wọ̀ ọ́." Ó tún wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo gbààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá yọ owó iṣẹ́ ojúmọ́ kan nínú owó mi nítorí tìẹ. Obìnrin yìí jókòó sílé rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ láìdáa fún ẹni tó bá ń kọjá, òun náà ló wá dúró sí àyè mi?"

"Òun náà ni."

"Pe ọkọ ẹ."

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, níbi tí a ń sá àwọn aṣọ ńlá sí, ni mo ti pè é. Alọṣọ tẹ̀lé mi, n kò sì lé e padà. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo gbọ́ oorun lóhùn rẹ̀.

"O rí fọ́tò náà kó o tó fi sínú fáìlì?" mo bi í.

"Mo rí i."

"O rí ìyá ẹ níbẹ̀?"

"Mo rí i."

"O rí ẹsẹ̀ mẹ́ta?"

"Mi ò ka ẹsẹ̀."

"Sọ fún un pé èmi ni mo ni ọ̀kan," Alọṣọ wí.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹlẹ́rìí tí ẹ pa," mo wí. "Kí ló dé tó o fi í síbẹ̀?"

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní inú ìyá òun ń dùn. Ó ní inú rẹ̀ kò dùn sí ọ̀rọ̀ èmi àti òun rí, pé lórí fọ́tò yẹn ló ti kọ́kọ́ pè mí ní ìyàwó ọmọ òun láti ẹnu ara rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ dà á rú.

"O wá da tèmi rú."

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹ́, ṣáà sọ pé ó wà níbẹ̀. Sọ pé ó pẹ́ kó tó dé."

"Ìwé tó o kọ ńkọ́? Tó o ní kò wá?"

"Màá ní mo ṣì í kọ."

"Ta ló ń ṣi irú ìyẹn kọ? Ṣé o ka ìyá ẹ mọ́ ẹlòmíì ni?"

Kò fèsì. Mo sì mọ̀ ọ́n. Mo mọ bó ṣe ń dákẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá kù sí i nínú.

"Kò tíì mọ̀ pé o kọ ọ́," mo wí.

"Má jẹ́ kó mọ̀."

"Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè mọ̀. Ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ ní ẹ́ńbásì mọ̀. Ìyá ẹ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀."

"Ó máa pa á."

"Kò ní pa á. Ó pè mí ní arúgbó tó ń fọ ìgbẹ́ aláìsàn, ó pè mí bẹ́ẹ̀ lójú ẹ, mi ò kú."

"Jọ̀ọ́."

Atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn aṣọ náà lù mí lójú. Mo gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Gbọ́ mi dáadáa," mo wí. "Ó di dandan kí ìyá ẹ lọ sí kóòtù lọ búra pé òun kò wá, pé wọ́n fi òun sínú fọ́tò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ni. Tí kò bá búra, àwa la yí fọ́tò, àwa la purọ́. Kò sì lè búra láìmọ ohun tó o kọ. Nítorí náà, ìwọ lo máa sọ fún un. Tó bá di ọ̀la tó o kò tíì sọ, màá ká ìwé náà lé e lọ́wọ́."

"Tí mi ò bá lè sọ ọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé mi ò ní lọ sí ẹ́ńbásì. Mi ò ní lọ síbẹ̀ lọ purọ́ nípa ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí ẹ tó o ṣe ohun tó o fẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń dúró dè ẹ́. O wá fẹ́ kí n búra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá búra bẹ́ẹ̀, ta ni mò ń wá bá lóde ibẹ̀?"

Mo pa fóònù. Alọṣọ ń ká aṣọ kan tí kò tíì gbẹ.

"Awakọ̀ fi fóònù rẹ̀ yà wá lọ́jọ́ náà," ó wí. "O ti gbàgbé? Ó di fóònù mú bí ẹni tó mú ejò lọ́rùn."

Lóòótọ́ ni. Awakọ̀ ni ẹlẹ́rìí kejì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ ẹrù. Mo pè é. Ó ní òun kì í pa nǹkan rẹ́ nínú fóònù òun nítorí pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò mẹ́rin ti dé sọ́dọ̀ mi. Wọn kò dára rárá. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Ẹni tó so wá pọ̀ ń yán nínú òmíràn. Nínú èyí tó hàn jù, ọkọ mi ń wo ilẹ̀, ojú mi pa dé, ògiri ọ́fíìsì ń bó lẹ́yìn wa, Alọṣọ sì dúró gbọnrangandan pẹ̀lú bàtà pupa rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ìyá kankan níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá ọkọ mi wọlé tọ̀ mí wá. Kò kan ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó lọ tààrà síbi tábìlì, ó fi awò ojú rẹ̀ sí, ó wo gbogbo ìwé tí mo fi ṣíbí tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Èwo ni?"

Mo gbé e fún un. Ó kà á lórí ìdúró. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó padà sókè, ó tún un kà.

"Ìkọ̀wé ẹ̀ nìyí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn mú tó fi mọ ìwé í kọ." Ó bọ́ awò ojú. "Ìwọ lo ní kó kọ ọ́."

"Rárá, mà. Ẹ ò wá, ó ní ẹ ò wá."

"Mo wà níbẹ̀ nínú ọkàn mi."

"Ọkàn yín wọ bàtà mẹ́ta, mà."

Ó gbójú sókè wò mí. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, mo sì ti múra sílẹ̀ láti dúró gbà á. Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa àga, ó jókòó.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wá kí mi," ó wí. "Gbogbo wọn ló ní fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn lára ògiri. Wọ́n á ní, ti àkọ́bí rẹ dà? Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Pé inú ló bí mi? Ara ògiri mi ni mo ní kó ṣe é fún. Mi ò mọ̀ pé yóò gbé e dé òkè òkun."

"Kí ló dé tí ẹ ní kó yọ Alọṣọ?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yẹn? Àyè ìyá nibẹ̀."

"Àyè yín ni lóòótọ́, mà. A ṣí i sílẹ̀ dè yín títí wọ́n fi pe orúkọ wa. Ọmọ yín ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò wá. Ẹnì kan ló gba iṣẹ́ yín ṣe, ẹ wá ní kí wọ́n nù ún dànù."

N kò sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn rírọ̀. Ọdún púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ti jẹ èébú obìnrin yìí mì bí ẹni jẹ oògùn, mo ń kúnlẹ̀, mo ń ní "ẹ ṣé, mà". Bí mo bá tún gbé e mì lọ́jọ́ náà, yóò dí mi lọ́nà ọ̀fun.

Ó yí ìwé ọmọ rẹ̀ lójú dé sórí tábìlì. Omi tí mo gbé ka iná hó, mo lọ pa iná náà.

"Ó sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ó ń sunkún. Ọkùnrin bíi tiẹ̀. Mo ní kó dákẹ́." Ó dìde. "Níbo ni wọ́n ti ń búra ọ̀hún?"

Ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí kóòtù. A kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Yàrá akọ̀wé tó ń tẹ ìwé ìbúra há, fáìlì kún ilẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ kan ni èèyàn fi ń rìn níbẹ̀. Akọ̀wé náà ń jẹ ẹ̀pà nínú ìwé. Ó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó nu ọwọ́, ó wo ìyá ọkọ mi tàánútàánú.

"Màmá," ó wí, "ká kúkú kọ pé ara yín ò yá lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ la máa ń kọ ọ́. Ó gbé yín níyì jù."

Mo la ẹnu kí n sọ ohun tó yẹ ẹ́ fún un. Ìyá ọkọ mi ti dá mi dúró.

"Ara mi le koko lọ́jọ́ náà," ó wí. "Mo jẹun, mo fọṣọ. Kọ ọ́ pé mi ò lọ nítorí pé mi ò fẹ́ ìgbéyàwó náà."

Akọ̀wé náà tẹ̀ ẹ́.

"Kọ ọ́ pé lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọ mi tó jẹ́ onífọ́tò fi mí síbẹ̀. Pé ọmọ mi àgbà kọ́ ló ní kó ṣe é, ìyàwó rẹ̀ náà kọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ká fi kún un pé ẹ ti wá fẹ́ràn ìyàwó náà báyìí?"

"Ṣé wọ́n bi mí?"

"Rárá, mà. Ó kàn máa ń dára létí."

"Tí wọn ò bá bi mí, fi sílẹ̀."

Ó buwọ́ lù ú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lódindi, láìyára, bí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ sára igi. Akọ̀wé náà lu òǹtẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

"Fọ́tò tó wà lára ògiri mi," ó wí, "ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Ògiri yín ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ògiri mi ni."

Ó wọ ọkọ̀ tirẹ̀, mo wọ tèmi.

Ọjọ́rú ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù Adúmáadán kó lè tẹ fọ́tò mẹ́rin ti Awakọ̀ jáde. Mo dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ó ṣí àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì kérora bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ kí n kàn tan iná sí i díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Àtàǹpàkò yìí nìkan."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ojú yín pa dé. Mo lè ṣí i. Kò ní gba nǹkan kan. Mo ní ojú yín nínú fọ́tò mìíràn, màá kàn gbé e síbẹ̀."

"Ojú mi pa dé lọ́jọ́ náà. Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Ó tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde, ó ń mi orí, kò jẹ́ kí ẹni tó wọlé rí i. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Kò dùn mí pé ó dùn ún. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n má bínú. Mo sọ fún un pé mo ń bínú, pé kó bi mí ní ọdún tó ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti àwọn tó kù jókòó lórí àga onírin ní ẹ́ńbásì, a ń dúró dìgbà tí wọ́n máa pe nọ́ńbà wa. Gbogbo èèyàn gbá àpò ìwé mọ́ àyà. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ka ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀ sínú bí ẹni tó ń kọ́ orin. Wọ́n pè mí síwájú gíláàsì kan. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kò kí mi. Ó ti ṣí fáìlì, mo sì rí ìyá ọkọ mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ó ní ta ni obìnrin yìí.

Mo ní ìyá ọkọ mi ni.

Ó ní ṣé ó wà níbi ìgbéyàwó.

"Rárá," mo wí. Mo ti ìwé ìbúra àti fọ́tò mẹ́rin náà gba ihò abẹ́ gíláàsì sí i. "Wọ́n fi í síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló búra bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ nìyí."

Ó ka ìwé ìbúra náà. Ó wo fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí èyí tí ojú mi pa dé, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wo ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ó béèrè pé èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni ẹlẹ́rìí. Mo fi ìka hàn án. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún un. Ó béèrè ìdí tí ìyá ọkọ mi kò fi wá.

"Kò fẹ́ mi," mo wí.

"Báyìí ńkọ́?"

"Kò tíì fẹ́ mi."

Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, n kò mọ ohun tó ń tẹ̀. Ó dá gbogbo ìwé ojúlówó padà fún mi. Pásípọ́ọ̀tù mi nìkan ló kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìyẹn sọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní kí n máa lọ, wọ́n á fi físà sínú rẹ̀, wọ́n á sì ránṣẹ́ pè mí láti wá gbà á.

Ọkọ mi ti ń pè kí n tó dé ẹnu géètì. Mo sọ fún un. Ó kígbe débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. N kò bá a kígbe.

"Inú ẹ ò dùn?"

"Ó dùn. Ó sì ń bí mi. Àyè gba méjèèjì."

"Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mọ́mì."

"Èmi ńkọ́?"

Ọkọ̀ ń kọjá lójú ọ̀nà. Mo dúró, mo jẹ́ kó wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. N kò bá a wá a.

"Mo rí i," ó wí nígbà tó pẹ́. "Mo rí ẹsẹ̀ mẹ́ta náà. Mo kà á. Mo sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Má bínú."

"Mo gbọ́."

"Màá wá pàdé ẹ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú."

"Wá. Ṣùgbọ́n má retí pé màá dì mọ́ ẹ lẹ́ṣẹ̀kẹṣẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ sùn, òru ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ sì ń dúró dè é láàárọ̀, mo sì kọjá sí òdìkejì títì lọ wọ ọkọ̀.